Samuel Coleridge-Taylor

Samuel Coleridge-Taylor (ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1875 – ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1912) jẹ́ òǹkọ̀wé orin àti adarí ọ̀kẹ́sítírà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Hiawatha's Wedding Feast ni ó sọ ọ́ di olókìkí; concerto rẹ̀ fún violin wà lára iṣẹ́ tí ó ṣe kẹ́yìn.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Holborn ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀, Alice Hare Martin. Bàbá rẹ̀, Daniel Peter Hughes Taylor, wá láti Sierra Leone, tí àwọn Yorùbá ń pè ní Sàró, láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì padà sí Áfíríkà láìmọ̀ pé òun bí ọmọ. Croydon ni Samuel dàgbà sí. Ní ọdún 1890, ó wọ Royal College of Music gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ violin. Lẹ́yìn náà ni Charles Villiers Stanford kọ́ ọ ní orin kíkọ.

Iṣẹ́ rẹ̀

Ní ọdún 1898, Stanford darí Hiawatha's Wedding Feast fún ìgbà àkọ́kọ́. Orin náà tàn káàkiri, ṣùgbọ́n Coleridge-Taylor ti ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ pátápátá ní pọ́n-ùn 15 àti ṣílè 15. Nítorí náà, iṣẹ́ olùkọ́, dídarí ẹgbẹ́ akọrin àti ṣíṣe adájọ́ níbi ìdíje orin ni ó fi ń bọ́ aya àti ọmọ méjì. Ó rin ìrìn-àjò sí Amẹ́ríkà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ọdún 1905, ó tẹ 24 Negro Melodies jáde fún dùùrù. Orin Yorùbá kan, Oloba, wà nínú rẹ̀.

Concerto fún violin

Maud Powell, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó kọ iṣẹ́ yìí fún. Inú orin ẹ̀mí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni ó ti fa ẹ̀dà àkọ́kọ́ yọ, ṣùgbọ́n ó pa á tì, ó sì kọ òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Powell ta á ní Norfolk, Connecticut, ní oṣù Kẹfà ọdún 1912. Ìpín mẹ́ta ni ó ní. Èkíní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọlá ńlá láti ọwọ́ ọ̀kẹ́sítírà. Èkejì rọlẹ̀, violin sì ń kọrin nínú rẹ̀ bí ohùn ènìyàn. Ẹ̀kẹta yára, ó sì kún fún ayọ̀. Ìfẹ́ tí ó ní sí orin Dvořák hàn nínú rẹ̀.

Ikú àti ogún rẹ̀

Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ó ṣubú ní ibùdókọ̀ ojú irin West Croydon. Òtútù àyà ni ó pa á ní ọmọ ọdún 37. Ọba George Karùn-ún fún opó rẹ̀, Jessie, ní owó ìrànwọ́ pọ́n-ùn 100 lọ́dọọdún. Ìyà tí ó jẹ ẹ́ lórí Hiawatha wà lára ohun tí àwọn ènìyàn tọ́ka sí kí wọ́n tó dá ẹgbẹ́ tí ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn òǹkọ̀wé orin sílẹ̀ ní ọdún 1914. Concerto náà wọ ìgbàgbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn ọdún 2000 ni Philippe Graffin, pẹ̀lú ọ̀kẹ́sítírà ìlú Johannesburg, àti Anthony Marwood gbà á sílẹ̀ sínú àwo.