James Karùn-ún ti Skọ́tlándì

James Karùn-ún (10 Oṣù Kẹrin 1512 – 14 Oṣù Kejìlá 1542) jẹ́ ọba Skọ́tlándì láti ọdún 1513 títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ààfin Linlithgow ni wọ́n bí i sí. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí bàbá rẹ̀, James Kẹrin, kú sójú ogun Flodden, tí adé sì bọ́ sí i lórí.

Nígbà tí ó dàgbà, ó mú àwọn agbẹ́kùúta láti ilẹ̀ Faransé wá tún ààfin bàbá rẹ̀ ṣe ní abúlé Falkland, ní agbègbè Fife. Ó tún kọ́ pápá tẹníìsì kan síbẹ̀ láàárín ọdún 1539 sí 1541. Pápá náà ṣì wà títí di òní.

Ní Oṣù Kẹrin 1541, àwọn ọmọkùnrin méjèèjì tí ayaba rẹ̀, Mary ti Guise, bí fún un kú. Ní Oṣù Kọkànlá 1542, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní Solway Moss. Lẹ́yìn èyí ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ní Falkland. Ayaba bí ọmọbìnrin kan ní Linlithgow. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ọba wàjà ní Falkland, ní ẹni ọdún 30. Ìkókó náà, Mary, ni ó gun orí oyè, ní ọjọ́ orí tí ó kéré ju ti bàbá rẹ̀ lọ.