Nana Olomu: Gómìnà Odò Ìbíní ní ìgbà tí ìtẹ́ Olú ṣófo

Nana Olomu (nǹkan bí 1852 sí 1916) jẹ́ oníṣòwò ńlá àti olórí Ìtsẹkírì tí àṣẹ rẹ̀ múlẹ̀ ní gbogbo agbègbè Odò Ìbíní ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Òun ni ẹni ìkẹyìn tó jẹ oyè Gómìnà Odò Ìbíní. Oyè yìí kì í ṣe oyè ọba, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà nípò náà ní ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí ọba ìbá máa ṣe. Kí a tó lè mọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ipò tí ìjọba Ìtsẹkírì wà nígbà tí wọ́n bí Nana.

Ìjọba Iwẹrẹ ṣáájú Nana

Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Ìtsẹkírì fi hàn pé Ginuwa, ọmọ Ọba Olua ti Ìbíní, ló tẹ ìjọba Iwẹrẹ dó ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Olú ni orúkọ oyè ọba wọn. Ode-Itsekiri, tí kò jìnnà sí ìlú Warri òde òní, ni olú-ìlú wọn. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbíní ni ìdílé ọba ti ṣẹ̀ wá, èdè Ìtsẹkírì jẹ́ ìbátan tímọ́tímọ́ fún èdè Yorùbá. Nítorí náà, ìtàn ìjọba yìí kan gbogbo ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa Yorùbá àti àwọn ìbátan rẹ̀.

Àwọn Potogí bá Iwẹrẹ dòwò pọ̀, wọ́n sì mú ẹ̀sìn Kátólíìkì wọ ààfin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ọmọ Olú kan tí wọ́n ń pè ní Dom Domingos lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Potogí, ó sì fẹ́ ìyàwó láti ìdílé ọlọ́lá níbẹ̀. Òwò pẹ̀lú àwọn ará òkèèrè, tí òwò ẹrú wà lára rẹ̀, ló mú ìjọba náà gbilẹ̀. Nígbà tí òwò ẹrú ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí epo pupa sì ń gba ipò rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ọlọ́lá Ìtsẹkírì ti tẹ̀dó sí ẹnu Odò Ìbíní, níbi tí ọkọ̀ òyìnbó ń gúnlẹ̀ sí. Ọrọ̀ àti agbára bá wọn lọ.

Olú Akengbuwa wàjà ní 1848. Ọdún 88 kọjá kí a tó tún fi Olú mìíràn jẹ. Síbẹ̀, òwò kò lè dúró de ọba. Ó di dandan kí ẹnìkan máa parí ìjà, kí ó máa gba owó ibodè, kí ó sì rí i pé ajigbèsè san gbèsè. Ní 1851, pẹ̀lú ìfọwọ́sí Kọ́ńsù Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Idiare di Gómìnà Odò Ìbíní. Tsanomi ló jẹ tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì yọ ọ́ nípò ní 1879. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn gbangba pé oyè tí àjèjì fọwọ́ sí, àjèjì lè gbà á padà.

Ìbí rẹ̀ àti bí ó ṣe dé ipò

Jakpa ni a bí Nana sí ní nǹkan bí ọdún 1852. Olomu, bàbá rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò tó lówó jù lọ lágbègbè náà. Ẹ̀yìn Tsanomi ni ó gba ipò Gómìnà. Olomu yìí kan náà ló tẹ Ebrohimi dó nínú irà, níbi tí ọkọ̀ ńlá kò ti lè ráyè wọlé.

Olomu kú ní 1883. Nana di olórí ìdílé, ní ọdún tó tẹ̀lé e sì ni ó di Gómìnà. Ẹbí Numa, tí wọ́n jẹ́ orogún ìdílé Olomu, kò fi tinútinú gba èyí. Nínú ẹbí yìí ni Dogho, ọmọ Numa, ti jáde wá. A ó tún kàn án níwájú.

Gómìnà lórí omi

Àwìn ni òwò odò náà dúró lé. Àwọn oníṣòwò òyìnbó a kó aṣọ, iyọ̀, ọtí, ìbọn àti ẹ̀tù fún Nana. Àwọn ọmọ ilé rẹ̀ a sì fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ọjà ilẹ̀ Ùròbò lẹ́bàá odò Ethiope, wọn a fi ra epo àti ekuro bọ̀. Agbára Nana wà nínú pé òun ló wà láàrin àwọn méjèèjì. Òyìnbó kò mọ ọ̀nà oko epo, ẹni tó ní epo kò sì dé etí ọkọ̀ òyìnbó.

Ní oṣù keje ọdún 1884, Nana fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Kọ́ńsù Hewett, èyí tó fi ilẹ̀ Ìtsẹkírì sábẹ́ ààbò Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n kò gba abala tó fún gbogbo ènìyàn láṣẹ láti ṣòwò níbi tó bá wù wọ́n. Ó mọ̀ pé bí òun bá gba ìyẹn, òun ti fi ọwọ́ ara òun já okùn tó so òun mọ́ ipò. Ní 1886, nígbà tí àwọn oníṣòwò òyìnbó gé owó epo, Nana dá ọjà dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí wọ́n fi gbà láti bá a ṣe àdéhùn.

A kò gbọdọ̀ tìtorí èyí gbàgbé ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà. Ẹrú ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń wa ọkọ̀ Nana, tí wọ́n sì ń gbé ìbọn fún un. Bí oníṣòwò Ùròbò kan kò bá san gbèsè, àwọn ọmọ ogun Nana a máa mú ènìyàn ìlú rẹ̀ títí owó yóò fi wọlé. Ohun tí ó jẹ́ ètò lójú Ebrohimi jẹ́ ìnira lójú ọ̀pọ̀ ìletò Ùròbò.

Ìṣubú Ebrohimi

Ní 1891, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ètò ìṣàkóso sílẹ̀ lórí àwọn odò náà, wọ́n sì fi aṣojú wọn sí Warri, Sapele àti Odò Ìbíní. Láti ìgbà náà, gómìnà méjì kò lè wà lórí omi kan. Wọ́n sọ fún Nana pé agbára oyè rẹ̀ ti dópin. Ṣùgbọ́n ọkọ̀, ìbọn àti àwọn ọmọ ilé rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 1894, Ralph Moor fẹ̀sùn kàn án pé ó ń dènà òwò, ó sì ń kógun ti àwọn ará ilẹ̀ Ùròbò. Ó ránṣẹ́ pè é. Nana kò lọ. Ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọba Jaja ti Opobo ní 1887: wọ́n pè é fún ìpàdé nínú ọkọ̀ ogun, kò sì tún padà sílé láàyè. Nana fi igi ńláńlá dínà ẹsẹ̀ odò tó lọ sí Ebrohimi. Ní oṣù kẹjọ, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fọ́ ìdènà náà, ṣùgbọ́n ìbọn tí wọ́n fi pamọ́ sínú igbó pa nínú àwọn atukọ̀ wọn. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkọ̀ ogun mìíràn. Ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ni Ebrohimi ṣubú. Wọ́n bá ìbọn àgbá tó lé ní 100 níbẹ̀.

Bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Dogho wà lẹ́yìn àwọn Gẹ̀ẹ́sì nínú ìjà yìí, òun ni wọ́n sì sọ di aṣojú wọn lẹ́yìn náà.

Ìgbèkùn àti ìpadàbọ̀

Nana sá gba ọ̀nà omi dé Èkó, ó sì fi ara rẹ̀ lé Gómìnà Carter lọ́wọ́ ní ìparí oṣù kẹwàá. Carter yìí kan náà ló ti rán ogun sí Ìjẹ̀bú ní 1892, nítorí pé àwọn Ìjẹ̀bú pẹ̀lú di ọ̀nà òwò mú. Wọ́n ṣe ẹjọ́ Nana ní Kàlàbá, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀, wọ́n sì dá a lẹ́jọ́ ìgbèkùn gbére. Ní 1896, wọ́n gbé e lọ sí Àkrá ní ilẹ̀ Gánà òde òní. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀, wọ́n jẹ́ kí ó padà wálé ní 1906.

Kò padà sí Ebrohimi. Ó tẹ̀dó sí Koko, ó sì kọ́ ilé ńlá kan tó ṣì dúró títí di òní gẹ́gẹ́ bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù kún un. Ilé Nana lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àṣẹ odò kò tún padà sí i lọ́wọ́. Ó kú ní ọjọ́ 3 oṣù keje ọdún 1916.

Ipò Nana nínú ìtàn

Àwọn kan rí Nana gẹ́gẹ́ bí akọni tó dènà àjèjì. Àwọn mìíràn rí i gẹ́gẹ́ bí aninilára. Ìtàn rẹ̀ fàyè gba méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí jù lọ ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin agbára òwò àti agbára ìtẹ́. Agbára Nana kò ju ọdún mẹ́wàá lọ, nítorí pé àwìn òyìnbó àti oyè òyìnbó ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìtẹ́ Ginuwa, tó ṣófo láti 1848, kò parẹ́ ní ọkàn àwọn ènìyàn. Dogho, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ga lẹ́yìn Nana, kú ní 1932. Ní 1936, àwọn Ìtsẹkírì fi Ginuwa Kejì jẹ Olú. Oyè Gómìnà Odò Ìbíní kò ní àrólé, ṣùgbọ́n Olú ṣì wà lórí ìtẹ́ ní Warri títí di òní.