Albert Coons, Dókítà Tó Fi Aró Kun Áńtíbọ́dì

Gbogbo wa la mọ Pasteur, a mọ Fleming. Àwọn tó ń fi èkúté ṣe ìwádìí àìsàn ò jẹ́ gbàgbé Albert Coons ní tiwọn, torí ọgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ ni wọ́n ń lò títí dòní.

Ìlú Gloversville, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1912. Ó ka ìṣègùn ní Harvard, ó gboyè ní 1937. Nígbà tó wà ní Berlin ní 1939, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Àìsàn kan wà, rheumatic fever, tó máa ń ba ọkàn àwọn ọmọdé jẹ́. Wọ́n ní kòkòrò streptococcus ló wà nídìí ẹ̀, ṣùgbọ́n ṣé kòkòrò yẹn tàbí èérún ẹ̀ wà nínú ọkàn tó bàjẹ́ náà? Kò sẹ́ni tó lè fojú rí i. Coons wá ronú pé áńtíbọ́dì, ìyẹn nǹkan tíntìntín tí ara wa ń ṣe láti fi bá àrùn jà, kì í lẹ̀ mọ́ ohun gbogbo. Ohun tí ara torí ẹ̀ ṣe é ló ń wá kiri. Tí èèyàn bá fi aró kùn ún ńkọ́? Ibi tí aró bá ti hàn, ibẹ̀ ni kòkòrò wà.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Aró lásán tí àwọn kan ti dán wò kì í hàn dáadáa nínú ẹran ara, ni Coons bá wá èyí tó ń tàn tí iná ultraviolet bá kàn án. Èyí tó kọ́kọ́ lò ń tàn búlúù. Wàhálà dé! Ẹran ara fúnra ẹ̀ ń tàn búlúù díẹ̀ lábẹ́ iná yẹn, èwo wá lèwo? Òun àti àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì bá pààrọ̀ ẹ̀ sí fluorescein, tó ń tàn ní àwọ̀ ewé. Ní 1942 wọ́n kọ ọ́ jáde pé wọ́n ti rí pneumococcus tó ń tàn nínú ẹran ara èkúté. Aró ò ba áńtíbọ́dì jẹ́.

Ogun gbé e lọ sí ìhà Òkun Pàsífíìkì. Nígbà tó dé, òun àti Melvin Kaplan tún ọ̀nà náà ṣe ní 1950, àwọn ẹlòmíì sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, sẹ́ẹ̀lì T àti sẹ́ẹ̀lì B èkúté jọra bí ìbejì, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ohun tó wà lára awọ wọn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n á fi áńtíbọ́dì aláwọ̀ ewé mú CD4, wọ́n á fi aláwọ̀ pupa mú CD8, wọ́n á fi àwọ̀ míì mú B, ẹ̀rọ onílésà á wá kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan wéréwéré. Àmọ́ ẹ má fi ti èèyàn ṣe ti èkúté o! Áńtíbọ́dì tó mọ CD4 tèèyàn kì í sábà mọ ti èkúté, ara eku ńlá ni wọ́n ti sábà ń rí èyí tó mọ̀ ọ́n.

Coons kú ní 1978. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àwọn dókítà kọ́kọ́ kọ nípa àrùn éèdì. Sẹ́ẹ̀lì CD4 ni HIV ń pa, áńtíbọ́dì tó ń tàn sì ni wọ́n fi ń kà á nílé ìwòsàn.