Ẹṣin Ìsẹ́yìn: Ohun Tí Àjàyí Crowther Kọ́ Mi Nídìí Eré

Ní sáà tó kọjá, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin jókòó yí tábìlì ká pẹ̀lú dáìsì àti bébà. Fún ẹni tí kò bá mọ irú eré yìí: ẹnì kọ̀ọ̀kan á yan ẹni tí yóò jẹ́ nínú ìtàn, ẹnì kan á máa darí rẹ̀, dáìsì á sì sọ bóyá ohun tí a fẹ́ ṣe yọrí sí rere. Èmi ni mò ń darí. Ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọdún 1821 ni mo fi ìtàn náà sí. Kò pẹ́ tí ọ̀rẹ́ mi kan fi bú sẹ́rìn-ín: mo ti gbé àtùpà kẹrosíìnì síwájú ìyá ọlọ́jà kan, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì máa ta kẹrosíìnì. Ó tún bi mí pé èló ni ẹṣin. N kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀dọ̀ Àjàyí Crowther ni mo ti lọ wá ìdáhùn. Gbogbo wa ní ẹ̀ka yìí la mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bíṣọ́ọ̀bù arúgbó inú àwòrán ni èmi mọ̀, n kò mọ ọmọ Òṣoògùn.

Nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí i. Kò ju ọmọdé lọ nígbà tí ogun kó ìlú rẹ̀ ní 1821. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní 1837, ó ròyìn ọjọ́ náà: àárọ̀ ni, àwọn obìnrin ń se oúnjẹ lọ́wọ́, odi ìlú sì ní ẹnubodè mẹ́fà. Wọ́n fi okùn sí i lọ́rùn, wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn. Níbẹ̀ ni mo ti rí ẹṣin tí mò ń wá. Àjàyí ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, wọ́n dá ọmọ padà. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún fi í gba tábà àti ọtí. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí àwọn Potogí fi rà á ní Èkó.

Mo gbé bírò sílẹ̀. Nínú bébà mi, mo ti kọ iye owó ẹrú sábẹ́ iye owó iyọ̀. Mo fagi lé e.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, Myrmidon, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, dá ọkọ̀ tí wọ́n kó o sí dúró, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Níbẹ̀, Akú ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa, nítorí bí a ṣe máa ń fi ẹ kú kí ara wa. Ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní 1827. Ní 1843 ó di àlùfáà, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ sì jáde. Èyí tó tún jáde ní 1852 kún fún òwe. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún fojú kan Àfàlà ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ kò rọrùn, nítorí àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì aláwọ̀ funfun gba agbára iṣẹ́ Náíjà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891.

Mo tún eré wa ṣe. Fìtílà elépo rọ́pò kẹrosíìnì. Owó ẹyọ ni a ń ná: ogójì lórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. A kì í ju dáìsì lé ènìyàn lórí mọ́. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi tún béèrè iye owó ẹṣin, mo sọ ìtàn Ìsẹ́yìn fún un. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ pààrọ̀ ẹni tí òun ń jẹ́: ìyá kan ni òun yóò jẹ́, tí ń ti ọjà dé ọjà béèrè ọmọ rẹ̀. Eré náà ni a ń bá bọ̀ títí di òní.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú eré yìí, ẹ má kàn wo ọdún ogun àti orúkọ ọba. Ẹ wá lẹ́tà ẹni tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì ka ìwé ọ̀rọ̀ ìgbà náà.