Rosalind Franklin lẹ́yìn fọ́tò DNA

Tí wọ́n bá ti dárúkọ Rosalind Franklin ní kíláàsì wa, fọ́tò DNA ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, ibẹ̀ náà la sì máa ń dúró sí. Lójú tèmi, iṣẹ́ tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló yẹ ká fi mọ̀ ọ́n jù.

Ìlú London ni wọ́n bí i sí ní 1920. Ó kàwé ní Cambridge, ó ṣèwádìí lórí èédú, ó ṣiṣẹ́ ní Paris, kó tó wá sí King's College. Ara kò tù ú níbẹ̀. Ní 1953 ó kó lọ sí Birkbeck, ó sì dojú kọ fáírọ́ọ̀sì tó máa ń fi àmì tótòtó sára ewé tábà.

Fáírọ́ọ̀sì yìí rí bí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́. Nǹkan bí 2,130 ẹyọ pùrótéènì, tí gbogbo wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ló tò yípo bí àtẹ̀gùn tó ń lọ́ gòkè. Ó ní ihò láàárín bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. (Mo kọ ọ́ sínú ìdánwò pé inú ihò yẹn ni RNA wà. Òdo ni mo gbà.) Franklin fi X-ray wo fáírọ́ọ̀sì gidi, ó sì fi í wé ọ̀pá pùrótéènì tí kò ní RNA nínú. Ní 1956 ó fi hàn pé àárín àwọn pùrótéènì gan-an ni RNA há sí, ní nǹkan bíi nànómítà 4 sí àárín gbùngbùn ọ̀pá náà.

Ní 1955, Fraenkel-Conrat àti Williams ti ya pùrótéènì àti RNA rẹ̀ sọ́tọ̀ ní Berkeley. Nígbà tí wọ́n tún pò wọ́n pọ̀, àwọn méjèèjì fúnra wọn tò padà di fáírọ́ọ̀sì tó ń ran ewé. Iṣẹ́ Franklin ló jẹ́ ká mọ ibi tí wọ́n ti di ara wọn mú.

Ọdún 1956 yẹn kan náà ni jẹjẹrẹ ilé ẹyin dé. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó tiẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ ti fáírọ́ọ̀sì pólíò. Ó kú ní April 16, 1958, lẹ́ni ọdún 37. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣí pàtẹ àgbáyé ní Brussels, níbi tí àwòṣe fáírọ́ọ̀sì tó kọ́ ti wà. Aaron Klug àti John Finch, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, gbé ti pólíò jáde ní 1959, wọ́n sì fi í ṣèrántí rẹ̀.