ÀFÀLÁ, ÌYÁ BÍṢỌ́Ọ̀BÙ ÀJÀYÍ CROWTHER

 Ìtàn àwọn ọkùnrin pàtàkì ni a sábà máa ń kà nínú irú ìwé báyìí. Ìyá tí ó bí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ààyè nínú rẹ̀. Ní ọdún yìí, mo fẹ́ kí a rántí ìyá kan tí òkìkí ọmọ rẹ̀ kàn káyé. Wọn kì í ṣe Àwórì bí tiwa, ṣùgbọ́n Èkó ni ọlọ́jọ́ dé bá wọn, ìtàn wọn sì kan gbogbo wa.

Ìlú Òṣoogùn, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, ni Màmá Àfàlá ń gbé pẹ̀lú ọkọ wọn, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ aṣọ híhun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, nígbà tí oúnjẹ ṣì wà lórí iná, ogun yí ìlú náà ká. Baálé sáré wá sọ fún aya àti ọmọ kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ogun. Wọn kò tún fojú kàn án mọ́. A mú Àfàlá, a mú Àjàyí ọmọ wọn tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá, a sì mú àwọn ọmọbìnrin wọn méjì, tí ọ̀kan kò tí ì pé ọmọ ọdún kan. Okùn ni a fi so wọ́n mọ́ra lọ́rùn dé Ìsẹ́yìn, níbi tí a ti pín wọn bí ẹni pín ẹrù.

Àjàyí tún bá ìyá rẹ̀ pàdé fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà ni a tà á. Ó ń ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn títí ó fi dé Èkó. Ní April 1822, a kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun, ó sì kó wọn lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni ó ti kàwé, tí ó gba ìrìbọmi ní 1825, tí ó sì fẹ́ ìyàwó. Ní gbogbo àkókò náà, ìyá rẹ̀ kò gbúròó rẹ̀. Òkú ọmọ sàn ju ọmọ tó sọnù lọ, ni àgbà ń wí. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú mọ ibi tí sàréè wà.

Ní January 1845, Àjàyí, tí ó ti di àlùfáà, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú àwọn oníwàásù Ìjọ C.M.S. Ó ju ọdún kan lọ kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó ṣí fún wọn ní August 1846. Ìròyìn rẹ̀ dé etí Àfàlá níbi tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin wọn kò jìnnà sí ìlú náà. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà, wọ́n wá a wá. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ti kọjá; ọmọdé tí wọ́n mọ̀ ti di àgbàlagbà tí ó wọ ẹ̀wù òyìnbó. Ìyá ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni, omijé nìkan ni. Nígbà tí Màmá la ẹnu, orúkọ ìkẹ́ tí ìyá-ńlá Àjàyí máa ń fi pè é nígbà èwe ni wọ́n fi pè é. Ìyá-ńlá náà ti kú sóko ẹrú, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó fi sílẹ̀ kò kú, Àjàyí sì dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún February 1848, Àfàlá wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta. Hannah ni a sọ wọ́n, nítorí Hannah inú Bíbélì ni ìyá Samuel. Wọ́n wà láàyè tí a fi ọmọ wọn jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní 1864. Abigail, ọmọ-ọmọ wọn, ni aya T. B. Macaulay, ọ̀gá àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Grammar School ti C.M.S. ní Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1859. Ọmọ Abigail ni Herbert Macaulay, tí a bí ní 1864 kan náà, ẹni tí ó di aṣíwájú nínú ìjà òmìnira ilẹ̀ wa. Ní 1883 ni Màmá Àfàlá sùn ní Èkó, nígbà tí wọ́n ti ń súnmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún, tí ojú wọn ti rí ìran kẹrin.

Ẹ̀yin ará, kò sí ogun tí ó ń kó ọmọ wa lẹ́rú mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn sì wà láàrin ilé wa níhìn-ín, tí kò mọ oríkì tí a fi ń kẹ́ wọn, tí kò sì mọ orúkọ ìyá tí ó bí bàbá wọn. Bí a bá pè wọ́n lọ́la, kí ni wọn yóò fi mọ̀ pé àwọn ni à ń pè? Mo rọ olúkúlùkù agboolé pé kí a jókòó ti àwọn ìyá àgbà wa nígbà tí wọ́n ṣì wà, kí a kọ orúkọ wọn, oríkì wọn àti ìlú tí a ti fẹ́ wọn wá sílẹ̀, kí a sì máa fi oríkì náà pe àwọn ọmọ lójoojúmọ́. Iṣẹ́ yìí kò gba owó, kò sì yẹ kí ó dọ̀la.

Ọlọ́run yóò dá àwọn ìyá wa sí fún wa, yóò sì jẹ́ kí àwọn tí ó jìnnà mọ̀nà ilé. Àmín.