Ilé Ni Ó Gba Ìwé Náà Là: Ìgbésí Ayé Àlùfáà Samuel Johnson

Ní abala tí a fi ń rántí àwọn tí ó ti lọ ṣáájú wa, ọ̀rọ̀ Àlùfáà Samuel Johnson ni a fẹ́ bá yín sọ ní àkókò yìí. Àwa tí a ń gbé ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ mọ orúkọ wọn dáadáa, nítorí àwọn ni wọ́n kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń lò títí di òní. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ayé wọn kan gbogbo ilé tí a ti ń tọ́ ọmọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ẹni tí Ọlọ́run bá fún ní ẹ̀bùn àtinúdá, òun nìkan ni yóò dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Bí a bá yẹ ìtàn yìí wò dáadáa, a ó rí i pé ilé ni ó tọ́ ẹ̀bùn Johnson dàgbà, àti pé ilé kan náà ni ó gbà á là nígbà tí ó fẹ́ ṣègbé.

A bí Samuel Johnson ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà, ọdún 1846, ní Hastings ní ilẹ̀ Sàró. Henry Johnson ni orúkọ bàbá wọn, ọmọ Ọ̀yọ́ sì ni bàbá náà, láti ìdílé Aláàfin Abíọ́dún. Òwò ẹrú ni ó gbé bàbá kúrò ní ilẹ̀ Yorùbá, Sàró ni wọ́n ti gba òmìnira, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tọ́ àwọn ọmọ wọn nínú ìgbàgbọ́. Nínú àwọn ọmọkùnrin wọn, Henry àti Nathaniel di àlùfáà gẹ́gẹ́ bí Samuel náà ti dà á, Obadiah sì di dókítà oníṣègùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ Obadiah yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà kàn án níwájú.

Ní nǹkan bí ọdún 1858 ni ìdílé yìí dé Ìbàdàn, kí bàbá lè ran David Hinderer lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ìhìnrere. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni Hinderer, C.M.S. ni ó rán wọn wá. Láti ọdún 1853 ni àwọn àti Anna ìyàwó wọn ti ń gbé Ìbàdàn, Kúdẹtì sì ni ilé wọn wà. Anna kò ní ọmọ tirẹ̀, síbẹ̀ ilé rẹ̀ kún fún ọmọ, Ìyá ni gbogbo wọn sì ń pè é. Ó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà, ó ń kọ́ wọn ní orin, ó sì ń kọ́ wọn ní aṣọ rírán. Nínú ilé yìí ni Samuel ti rí ẹ̀kọ́ gbà nígbà èwe. Ibẹ̀ náà ni Daniel Olúbí, tí ó di àlùfáà Ìbàdàn lẹ́yìn náà, ti jáde wá.

Kì í ṣe ilé olówó ni ilé yìí. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860, ọ̀nà dí, owó àti ẹrù kò lè ti Èkó wá mọ́. Ó di dandan fún Ìyá láti ta nínú ohun ìní ilé kí àwọn ọmọ tó rí oúnjẹ jẹ. Síbẹ̀ wọn kò tú àwọn ọmọ náà ká. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn nígbàkígbà tí a bá ń rò pé àìlówó ni kò jẹ́ kí a ráyè fún ẹ̀bùn ọmọ wa.

Láti Ìbàdàn, Samuel lọ sí ilé ẹ̀kọ́ C.M.S. ní Abẹ́òkúta lábẹ́ Gottlieb Bühler, wọ́n sì padà sí Ìbàdàn ní ọdún 1866 láti máa ṣe tíṣà. Ní ọdún 1875 wọ́n di katikíìsì. Ohun kan ń dùn wọ́n lọ́kàn ní àkókò náà. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ Yorùbá tí ó kàwé mọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìtàn ilẹ̀ bàbá wọn. Àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n sì ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí èyí ni Johnson fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn àgbà léèrè, tí wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀.

Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, kò sì tán pátápátá títí di ọdún 1893. Johnson jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó sáré kí àlàáfíà lè dé. Ní ọdún 1881 wọ́n jẹ́ ìránṣẹ́ Aláàfin Adéyẹmí Kìíní sí Gómìnà ní Èkó. Ní ọdún 1886, àwọn àti Charles Phillips, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, ni a rán lọ sí ibùdó ogun láàárín àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀, a sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní ọdún náà. Ohun tí wọ́n fi ojú ara wọn rí ní ìrìnàjò wọ̀nyí wọ inú ìwé ìtàn náà. Nínú àwọn tí wọ́n gbọ́ ìtàn lẹ́nu wọn ni David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ Ìbàdàn, Josiah Òní, oníṣòwò tí kò bẹ̀rù ìrìnàjò, àti Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ.

Ní ọdún 1887 ni a gbé wọn wá sí Ọ̀yọ́ láti jẹ́ àlùfáà ìjọ, Ọ̀yọ́ sì ni wọ́n wà títí wọ́n fi kú. Ibí yìí ni wọ́n ti rí àwọn arọ́kin Aláàfin, tí iṣẹ́ wọn ni láti pa ìtàn àwọn ọba mọ́. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ arọ́kin kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ìdílé ni. Ọmọ ń gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá, bàbá sì gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá tirẹ̀. Bákan náà ni ti àwọn tí ń fín igbá àti àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ awọ ní Ọ̀yọ́. Ọmọ á jókòó ti bàbá rẹ̀, á máa wo ọwọ́ rẹ̀, á sì máa fi àfọ́kù igbá dánra wò. Bí ó bá bà á jẹ́, wọn kì í torí ẹ̀ lé e kúrò níbẹ̀. Àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé bí ẹ̀bùn yóò bá dàgbà, ó gbọ́dọ̀ ní àyè jókòó nínú ilé.

Iṣẹ́ ìjọ kò fi Johnson sílẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Ìwàásù wà, ìbẹ̀wò wà, ẹjọ́ ará ìlú wà, ọ̀rọ̀ ààfin náà sì wà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, Captain Bower fi àgbá ńlá bọ́ǹbù ìlú Ọ̀yọ́. Láàárín gbogbo làálàá wọ̀nyí ni wọ́n ti ń kọ ìwé wọn, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1897.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ilé Yorùbá ni ó kún inú rẹ̀. Orúkọ tí à ń sọ ọmọ wà níbẹ̀, àmútọ̀runwá àti àbísọ, pẹ̀lú oríkì. Ìgbéyàwó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa àtijọ́ pàápàá wà níbẹ̀: òwú rírán, aró dídá, ìkòkò mímọ àti irun dídì. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ yóò rí Ògúnlọ́lá ọdẹ níbẹ̀ lábẹ́ igi àjàgbọn, ẹ ó sì rí bí ó ti gé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, tí orúkọ ìlú fi ti ibẹ̀ wá. Bí a kò bá kọ irú nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ìbá ti bá àwọn àgbà wọ ilẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Johnson fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìlú Ọba, wọ́n sì ń retí. Wọn kò rí ìwé. Ní ọdún 1900, Obadiah àbúrò wọn, tí ó ti ń bá wọn lọ́wọ́ sí iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, dé Ìlú Ọba, ó sì wá àwọn atẹ̀wé náà lọ. Èsì tí ó rí gbà ni pé ìwé náà ti sọnù, wọn kò rí i mọ́, wọ́n sì ṣe tán láti san owó rẹ̀. Owó wo ni a lè san fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin, ọdún 1901, Samuel Johnson sùn nínú Olúwa ní Ọ̀yọ́. Wọn kò fojú rí ìwé wọn.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, àwa ìbá má mọ̀ wọ́n lónìí. Ṣùgbọ́n ilé kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Johnson fi àwọn ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe àkọsílẹ̀ sílẹ̀ lọ, àwọn èyí tí wọ́n kọ tí wọ́n sì pa rẹ́, tí wọ́n tún un kọ. Ẹnikẹ́ni ìbá pè é ní pàǹtí. Kò sí ẹni tí ó dà á nù, kò sì sí ẹni tí ó fi dáná. Ọwọ́ Obadiah ni àwọn ìwé náà bọ́ sí.

Kò rọrùn fún Obadiah. Ìrẹ̀wẹ̀sì bá a nítorí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀, títóbi iṣẹ́ náà sì bà á lẹ́rù. Dókítà ni, ó ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì wà nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Èkó. Ó tó ọdún púpọ̀ kí ó tó lè fi ọwọ́ kàn án. Àmọ́ ó rí i pé ìtìjú ńlá ni yóò jẹ́ bí làálàá ẹ̀gbọ́n òun bá lọ lásán. Ó jókòó, ó sì tún gbogbo ìwé náà kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyí.

Ní oṣù kìíní ọdún 1916 ni wọ́n fi ìwé náà sínú ọkọ̀ ojú omi Appam ní Èkó. Ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn atẹ̀wé, nígbà náà bébà ti wọ́n gógó nítorí ogun. Obadiah kú ní ọdún 1920. Ní ọdún 1921 ni ìwé náà jáde. Ogún ọdún ni Samuel ti wà nínú ibojì. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àbúrò parí rẹ̀, orúkọ àwọn méjèèjì sì wà lára ìwé náà.

Ẹ̀yin arábìnrin, kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú wa? Ta ni nínú wa tí kò tíì fi ìwé àwọn ọmọ koná mọ́ èédú rí láìwo ohun tí ó wà nínú rẹ̀? Ọmọ ń ya àwòrán, a ní kí ó lọ kàwé. Ọmọbìnrin ń hun nǹkan, a ní abọ́ ń dúró dè é. A kò sọ pé kí ọmọ má fọ abọ́. Ohun tí à ń sọ ni pé lẹ́yìn abọ́ àti lẹ́yìn lẹ́sìnnì, kí ó ṣẹ́ ku wákàtí kan tí ó jẹ́ tirẹ̀, tí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù kò ní gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó ní igun kan nínú ilé tí a kò ní palẹ̀ rẹ̀ mọ́ láìbi í. Kí páálí kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, èyí tí ó dára àti èyí tí kò dára. Èyí tí a pè ní pàǹtí lè jẹ́ òun ni a ó fi tún ilé kọ́.

Ẹ má sì gbàgbé ara yín. Mélòó nínú wa ni ó ti dá orin fún ẹgbẹ́ obìnrin ní sẹ́kítì wa, tí a kọ ọ́ lọ́jọ́ ìkórè kan ṣoṣo, tí kò sí níbì kankan mọ́? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́, ẹ pe ọmọ yín kí ó bá yín kọ ọ́. Yóò gbọ́ ìtàn yín, ìtàn yín yóò sì wà níbẹ̀. Bí ìyá àgbà bá sì wà nínú ilé, ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó tì wọ́n kí ó sì máa bi wọ́n léèrè.

Ní Ẹ́kísódù orí 31, Ọlọ́run fi ẹ̀mí ọgbọ́n kún Besaleli fún iṣẹ́ ọnà, Ó sì yan Aholiabu tì í. Ọlọ́run kò jẹ́ kí ó dá ṣe é. Kí ilé kọ̀ọ̀kan wa jẹ́ Aholiabu fún ẹ̀bùn tí Olúwa fi sínú rẹ̀. Kí Ọlọ́run fún wa ní ojú láti rí i, kí Ó fún wa ní sùúrù láti tọ́ ọ, kí ó má sì sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Àmín.